Ta Ni Ó Ni Ẹ̀gbẹ́ Títì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ibi Tí A Ó Máa Gbé Mọ́tò Sí

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó ń jẹ nínú èrè wa lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ibi tí a ń gbé mọ́tò sí bí a bá dé ọjà, àti bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀ láàárín ilé àti ìsọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Èmi kò ní mọ́tò, kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn yín kẹ̀! Oníbàárà tí kò rí ibi gbé mọ́tò rẹ̀ sí kò ní dúró ra ọjà yín. Ọkọ̀ ẹrù tí kò rí ibi dúró sí yóò bu owó ìyà tó jẹ lé owó ẹrù yín. Bọ́ọ̀sì tí ẹ wọ̀ kò lè rìn, nítorí pé mọ́tò kan gúnlẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún títì, òmíràn gúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ìwọ̀nba ojú ọ̀nà tó kù láàárín ni gbogbo ayé ń dù. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

A ó mú Erékùṣù Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rajà tàbí tajà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀ràn yìí ti le jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tajà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo yóò rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èkó ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn náà.

ILẸ̀ KÒ PỌ̀ SÍ I, MỌ́TÒ LÓ Ń PỌ̀ SÍ I

Omi ló yí Erékùṣù Èkó ká. Kò sí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe lè fẹ̀ bí ẹní ṣẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú àwọn òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìdúmọ̀tà àti Balógun ti wà kí mọ́tò tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọmọlanke ni wọ́n là wọ́n fún. Lẹ́yìn náà ni afárá ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afárá Carter ti wà láti 1901. Wọ́n parí Afárá Èkó ní 1975. Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà 12, wọ́n parí rẹ̀ ní 1990. A dúpẹ́ fún afárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: mọ́tò ni afárá ń kó wọlé, kì í kó àyè wọlé. Mọ́tò tó bá gba afárá wọ Erékùṣù ní àárọ̀ gbọ́dọ̀ rí ibì kan jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀ bí àwọn oníṣòwò. Mọ́tò kékeré kan ń fẹ́ àyè tó gùn tó nǹkan bíi mítà 5, tó sì fẹ̀ tó mítà 2 àbọ̀, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó lè ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀. Ìsọ̀ mélòó nínú tiwa ló tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ sì mọ iye tí a ń san lórí ìsọ̀. Ẹni tó bá gbé mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní aago méje àárọ̀, tí kò gbé e kúrò títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ti gba ìsọ̀ ńlá kan fún wákàtí 11, mọ́tò náà kò sì ta nǹkan kan fún un.

Kò tán síbẹ̀. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ lo wákàtí kan péré, oníbàárà 11 ni ì bá lo àyè kan ṣoṣo yẹn láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé mọ́tò tirẹ̀ sí iwájú ìsọ̀ ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kí ó má ṣe wò ó pé òun gbọ́n. Oníbàárà 11 ló fi mọ́tò dí lọ́nà. Àwa tí a ń ké pé ọjà kò yá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

ẸNI MẸ́TA Ń DU ÀYÈ KAN

Bí a bá wò ó dáadáa, ẹni mẹ́ta ló ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jàre.

Èkínní ni ẹni tó ń gbé àdúgbò. Ó lè jẹ́ onílé, ó lè jẹ́ ayálégbé. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó bá mọ́tò àjèjì lẹ́nu géètì rẹ̀, kò lè jáde. Bí aboyún bá ń rọbí nínú ilé, ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbé e. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, panápaná kò ní ráyè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwọn ọjà ńlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ yín ní ohun tí iná ń ṣe níbi tí ọkọ̀ omi kò bá ti lè dé.

Èkejì ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣòwò níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbé ibẹ̀. Ìkòròdú ló ti ń bọ̀, tàbí Agége, tàbí Ọ̀tà. Kì í ṣe pé ó wù ú kí ó máa jí ní aago mẹ́rin òru. Owó ilé ni kò jẹ́ kí ó gbé nítòsí ọjà. Ó lérù, kò sì lè ru gbogbo rẹ̀ lé orí wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹta ni oníbàárà, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo wa ń jẹun lára rẹ̀. Òmíràn ti Ìbàdàn wá, òmíràn ti Kútọnu wá. Wákàtí kan tàbí méjì ló fẹ́ lò. Bí ó bá yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ríbi dúró, yóò bá tirẹ̀ lọ, kò sì ní sọ fún yín pé òun wá.

Kò sí ẹni ibi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹni mẹ́ta bá ti ń du ohun kan, tí kò sí òfin tí gbogbo wọn mọ̀, ẹni kẹrin ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ mọ ẹni kẹrin náà. Òun ló máa ń sáré wá bí ẹ bá ṣe ń pa iná mọ́tò: "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀, èmi ni mo ń ṣọ́ ibí o." Bí ẹ bá ní kí ó fún yín ní rìsíìtì, á rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá sì fún un lówó, táyà yín lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé. Iye tó gbà lánàá kọ́ ni yóò gbà lónìí, iye tó gbà lọ́wọ́ yín kọ́ ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì yín. Owó ọlọ́dọọdún tó ń lọ báyìí, ṣé ẹnìkan ti jókòó ṣírò rẹ̀ rí?

BÍ WỌ́N ṢE YANJÚ RẸ̀ NÍ ARLINGTON

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Arlington, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Odò Potomac nìkan ló là á láàárín òun àti Washington tó jẹ́ olú-ìlú wọn. Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ pọ̀ ní apá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crystal City. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá rí i pé àdúgbò kan wà nítòsí tó jẹ́ ilé gbígbé lásán. Ni wọ́n bá ń lọ gbé mọ́tò wọn sí ojúlé onílé, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò fi igbe ta.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣe òfin pé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní pámíìtì, kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sí títì ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà pẹjọ́. Wọ́n ní títì, ti gbogbo ayé ni, kí ló dé tí wọ́n fi ń ya ọmọ àdúgbò sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò? Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ dá wọn láre. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹwàá ọdún 1977, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà. Ilé ẹjọ́ ní ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dín ariwo, ìdọ̀tí àti ewu mọ́tò kù ní ibi tí ènìyàn ń gbé, àti pé yíya ọmọ àdúgbò sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò nítorí irú èyí kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Láti ìgbà náà ni ọkàn àwọn ìlú yòókù níbẹ̀ ti balẹ̀ láti máa lo irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò fi ọkàn sí nìyí. Kì í ṣe ẹni tó ń gbé àdúgbò nìkan ni òfin Arlington fún ní ìwé àṣẹ. Ó fún ẹni tó ń bá àwọn ará àdúgbò ṣòwò, ó sì fún àlejò wọn kan. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn nígbà náà. Ẹni tí òfin náà lé ni ẹni tí kò ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú àdúgbò, tó kàn fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀? Pámíìtì tó dára kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ajé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ òfin kò lè rántí oníṣòwò bí oníṣòwò kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

TI LỌ́ŃDỌ̀NÙ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham àti àgbègbè rẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ sí. Wọ́n lè jẹ́rìí sí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Oṣù keje ọdún 1958 ni ẹ̀rọ tí a ń sọ owó sí kí a tó gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Mayfair ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí, ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ ni kánsù ti pín sí agbègbè-agbègbè. Pátákó wà lójú títì tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí òfin fi ń ṣiṣẹ́. Ará àdúgbò yóò ra ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kánsù. Bí àlejò bá ń bọ̀ wá kí i, yóò ra èyí tí àlejò ń lò fún wákàtí mélòó kan tàbí fún ọjọ́ kan. Ní àwọn kánsù mìíràn, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù náà lè gba tiwọn.

Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n á lẹ ìwé ìtanràn mọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ̀. Bí ó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni yóò san. Bí ó bá rí i pé wọ́n ṣi òun mú, ọ̀nà wà tí yóò gbà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò sí pé à ń bẹ ẹnikẹ́ni lójú títì, kò sì sí pé a ń yọ owó fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé Lọ́ńdọ̀nù ti di ọ̀run. Ẹni tó ra ìwé àṣẹ kò tíì ra àyè. Bí mọ́tò tó ní ìwé àṣẹ bá pọ̀ ju àyè tó wà nílẹ̀ lọ, olówó ìwé náà yóò kàn máa yí àdúgbò po ni. Èkejì, àwọn kánsù pàápàá máa ń fẹ́ fi í pa owó. Ní 2011, kánsù Barnet ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù gbé owó ìwé àṣẹ ará àdúgbò kúrò ní pọ́n-ùn 40 lọ sí pọ́n-ùn 100, wọ́n sì gbé ti àlejò kúrò ní pọ́n-ùn kan lọ sí pọ́n-ùn 4. Ará àdúgbò kan kò gbà, ó gbé kánsù lọ sílé ẹjọ́. Nínú oṣù keje ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a láre. Adájọ́ ní òfin ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe òfin owó orí. Kánsù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé owó rẹ̀ ga nítorí kí ó lè rí owó ná sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwa náà mọ̀ pé owó tí a dá fún ìsìnkú, a kì í mú un lọ ra àga fún akọ̀wé. Ohun tí a torí rẹ̀ gba owó ni kí á fi owó ṣe.

NÍLÉ NÍBÍ

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Àwọn àgbà tó wà ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1970 yóò rántí òfin nọ́ńbà mọ́tò. Ìjọba ní mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 yóò ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó parí sí 2, 4, 6, 8 tàbí 0 yóò ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n rò pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yóò dínkù sí ìdajì. Kí ni àwọn tó rí já jẹ ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì! Mọ́tò wá pọ̀ sí i, ibi tí a ó gbé e sí sì wà bó ṣe wà. Òfin tó bá ń wo nọ́ńbà mọ́tò láìwo bí ènìyàn ṣe máa dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

Ní Àbújá náà, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn ènìyàn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ sọ pé kò sí òfin tó gbé ètò náà ró. Nítorí náà, kò tó kí ẹnìkan wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n di tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ta ló fún un láṣẹ? Òfin wo? Èèló ni òfin náà pè é? Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò máa bi í nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n ṣe òfin àtúntò ètò ìrìnnà, abẹ́ òfin yẹn ni àjọ LASPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí wà. Èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ti ń lọ sópin. Ìlà ni wọn yóò máa fà, owó ni wọn yóò máa gbà, ìwé àṣẹ ni wọn yóò máa fún ni. A kò lòdì sí i. Ṣebí àwa náà ti sọ pé ẹni kẹrin ló ń jẹ ẹ́ bí kò bá sí òfin. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n pín in tán kí á tó dé.

BÍ A KÒ BÁ GBÉ MỌ́TÒ WÁ Ń KỌ́?

A kò lè sọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí kí á má sọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò. Bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí tí ènìyàn lè gbà dé ọjà, a ò lè bá a wí pé ó gbé mọ́tò wá. Ní 1983, nígbà Gómìnà Lateef Jakande, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè inú ìlú fún Èkó. Ìjọba ológun pa á tì ní 1985. Gbogbo ìyà tí a jẹ lórí ọ̀nà láti ìgbà náà, apá kan rẹ̀ wá láti ibẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, rélùwéè aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádó dé Ọ̀yìngbò. Káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Cowry ni a fi ń wọ̀ ọ́.

Rélùwéè búlúù yìí ń já ènìyàn sí orí Erékùṣù gan-an. Ẹni tó bá wá láti ọ̀nà Mile 2 tí kò lẹ́rù lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Ti pupa kò tíì dé Erékùṣù. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yìngbò ṣì ní láti wọ bọ́ọ̀sì gba orí afárá. Síbẹ̀, ó ti gba ibi tó gùn jù nínú ìrìnnà náà kúrò lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ẹrù mi ńkọ́?" Òótọ́ ni. Rélùwéè ń gbé ènìyàn, kì í gbé bẹ́ẹ̀lì aṣọ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ènìyàn àti ẹrù gbọ́dọ̀ jọ rìn? Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá ń ti ọ̀nà kan náà bọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé mọ́tò tirẹ̀ nítorí ẹrù díẹ̀díẹ̀, mọ́tò mẹ́wàá ni yóò wá ibi jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ̀ ẹrù kan bá kó ẹrù àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó dé kí ọjà tó kún, tí ó já a sílẹ̀ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, àyè kan ṣoṣo ló lò, fún ìgbà díẹ̀. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á wá jókòó sínú rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì sun oorun díẹ̀ dọ́jà.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE

Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ti dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun kan náà ni ẹgbẹ́ wà fún: ohun tí apá ẹnìkan kò ká, kí apá gbogbo wa ká a. Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nítorí náà, àbá wa rè é.

Èkínní: kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra mọ́tò má ṣe ṣírò owó mọ́tò àti owó epo nìkan. Kí ó ṣírò owó ibi tí yóò máa gbé e sí lójoojúmọ́, ní ọjà àti nílé. Kí ìgbìmọ̀ tó ń yáni lówó náà máa béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ń jẹ èrè ìsọ̀ tán kí owó ẹgbẹ́ tó padà.

Èkejì: kí àwọn tí wọ́n wà ní òpópónà kan náà kó ara wọn jọ, kí wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ wákàtí tí ẹrù ń dé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ń san báyìí àti ẹni tí wọ́n ń san án fún. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni a lè gbé lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀ àti LASPA. Ẹni tó bá gbé àkọsílẹ̀ lọ, wọn yóò gbọ́ tirẹ̀ ju ẹni tó gbé ariwo lọ.

Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá pè wá láti sọ tẹnu wa, kí á mọ ohun tí a fẹ́. Kí ará àdúgbò ní ìwé àṣẹ fún ibi tó ń gbé, ṣùgbọ́n kí ó ní iye tí ilé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Kí ẹrù ní wákàtí tirẹ̀ ní kùtùkùtù àti ní alẹ́. Kí iwájú ìsọ̀ jẹ́ ti oníbàárà fún wákàtí kan tàbí méjì, kì í ṣe ti àwa tí a ni ìsọ̀. Kí wọ́n kọ iye owó sí ara pátákó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, kí rìsíìtì sì wà. Kí wọ́n máa ka owó tó wọlé fún àwọn ará ọjà gbọ́, kí á lè rí apá tó padà sí ara títì, gọ́tà àti iná ojú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin: kí àwa náà tọ́jú ìwà wa. Ẹ má ṣe gbé mọ́tò sí ẹnu géètì onílé. Ẹ má ṣe fi àpótí àti táyà gba àyè sílẹ̀ fún ara yín bí ẹni pé ẹ rà á. Bí a bá ń jẹ ẹ̀tọ́ ará àdúgbò níyà lónìí, tí wọ́n bá pè é lọ́la láti sọ ẹni tí kí wọ́n lé, ta ni ẹ rò pé yóò dárúkọ?

Ẹ̀karùn-ún: kí àwọn tó ń ti ọ̀nà kan náà bọ̀ dán ọkọ̀ ẹrù àjọlò wò fún oṣù kan. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ná sílẹ̀, kí wọ́n fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá san wọ́n, kí wọ́n wá sọ ọ́ ní ìpàdé. Bí kò bá sì san wọ́n, kí wọ́n wá sọ ìyẹn náà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, títì kì í ṣe ti bàbá ẹnìkan. Kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ jí, kì í ṣe ti ẹni tó lágbára, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń gba owó láìní rìsíìtì. Ti gbogbo wa ni, bí owó àpò ẹgbẹ́ ṣe jẹ́ ti gbogbo wa. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, òfin àti ìṣirò ni a fi ń jẹ ẹ́ tí kì í fi í dìjà. Pámíìtì ń bọ̀ wá dé ọjà wa, bó pẹ́ bó yá. Bí yóò bá dé, kí ó bá wa níjòókòó, kí ó bá ìwé lọ́wọ́ wa, kí ó sì bá wa ní ohùn kan.

Ajé á bá wa gbé o. Àlọ ire, àbọ̀ ire.